Kókó Ìkẹyìn Lára Wáyà Doña Ofelia

Tí èèyàn bá ń gun ẹṣin bọ̀ láti abúlé Las Chircas, tó sì fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ọgbà wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò nílò kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó sáà wo òpó igun. Ibi tí wáyà bá parí sí ni ẹni tó fà á máa ń ta kókó ìkẹyìn sí, bí olúkúlùkù sì ṣe ń ta tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn Olivera máa ń yí tiwọn po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Clodomiro Techera máa ń yí tirẹ̀ sápá ọ̀tún, á dì í mọ́ra pẹ́kípẹ́kí bí irun orí ọmọdé, á wá ṣẹ́ ìyókù kúrò débi pé o lè fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láìjẹ́ pé ó gé ọ. Kókó wáyà ni àwa ará ibí ń kà bí àwọn mìíràn ṣe ń ka ìwé. Àwọn ọkùnrin méjì kan ti jiyàn rí lórí kókó kan nílé ọtí, títí wọ́n fi di ẹṣin ní gàárì lọ wò ó nínú òjò. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gba òtútù bọ̀.

Inú àgọ́ ni wọ́n bí Nemesia Techera sí, lẹ́bàá ọgbà tí Clodomiro bàbá rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́. Hilaria ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ó gbé ẹran kaná, ó wọlé lọ bímọ, kí ẹran tó jinná ọmọ ti dé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bù mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó bá mọ Nemesia kò ní jiyàn, nítorí obìnrin náà kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sá lọ sí ìlú ńlá Montevideo nígbà tí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì, èkejì ń ta bàtà. Òun ló dúró. Ó gbẹ́ ihò òpó nínú ilẹ̀ olókùúta, ó lu ihò wáyà sára igi tó le bí irin, ó sì ń gbé òkúta ńlá sin sídìí òpó igun kí wáyà má baà fà á tu. Ó ti fẹ́ ọkọ rí o, ọkùnrin kan tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Ọkùnrin náà ní kó yan ọ̀kan, òun tàbí wáyà. Irú ìbéèrè wo nìyẹn ná? Ó wà ní ìlú Salto báyìí, a gbọ́ pé ara rẹ̀ le.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jọra láàárín òun àti bàbá rẹ̀, ìyẹn sì ni ọwọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni Nemesia. Òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń ju okùn mú màlúù, òsì náà ló sì fi ń ta kókó, kókó ọlọ́wọ́ òsì sì máa ń yí sí òdìkejì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá ta kókó tán, bàbá rẹ̀ á wò ó dáadáa, á ní ó dára, á wá fi ẹ̀mú gé e dànù, á tún òmíràn ta sápá ọ̀tún. Kì í bínú, kì í pariwo.

"Ọgbà kan, ẹnu kan," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Tí wọ́n bá rí kókó oríṣi méjì lára ọgbà mi, wọ́n á ní èèyàn méjì ló ṣe é. Tó bá wá wó, ta ló fẹ́ dáhùn?"

Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nemesia kọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ó kọ́ ọ débi pé kò sẹ́ni tó lè wo kókó rẹ̀ kó mọ̀ pé kì í ṣe Clodomiro ló ta á. Láti ìgbà ọmọge títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fi ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára òpó, kò sì ráhùn.

Àmọ́ kì í ṣe kókó ló sọ Clodomiro di ẹni tí wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Etí rẹ̀ ni. Ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi irin ìlọ́ sí, irin kékeré eléyín báyìí. Bí o bá yí i síwájú, wáyà á le. Bí o bá yí i padà, wáyà á dẹ̀. Èwo ló tó, èwo ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ojú wò ó ni, wọ́n sì máa ń ṣìṣe. Clodomiro á fi èékánná ta wáyà, á dẹ etí sí i, á ní, "Ó ku eyín kan," tàbí, "Fi í sílẹ̀, ó ti yó." Ohun tó sì mọ̀ ju gbogbo wọn lọ ni pé wáyà tí èèyàn bá fà nígbà ooru kò gbọdọ̀ kọrin sókè jù. Wáyà náà mọ òtútù lára, ó máa ń súnra kì. Tí o bá fà á le tán lóṣù kínní tí oòrùn ń sun koríko, ibo ló fẹ́ súnra kì sí nígbà tí ìrì bá dì lóṣù kẹfà tí òtútù wa máa ń dé? Ó di kó já, tàbí kó hú òpó igun nílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí lẹ́nu. Nínú oòrùn, tí wáyà bá ń dún bíi gìtá, tí ẹni tó ni oko sì ń rẹ́rìn-ín, ojú kòkòrò ni kì í jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, Doña Ofelia Larralde pe àwọn Techera pé kí wọ́n wá ṣe ọgbà sí pápá àwọn akọ màlúù òun. Opó ni Doña Ofelia, obìnrin tó ní oko ńlá ni à ń pè ní Doña níbí. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹṣin rẹ̀ dé, ó sì fẹ́ràn àwọn akọ màlúù yẹn ju àwọn àna rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gan-an ni pápá náà wà. Ní òdìkejì ọ̀nà, Wáshington Olivera ń ṣe ọgbà fún ẹlòmíràn ní àkókò kan náà. Wáshington kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ló kàn máa ń yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹyẹ tero ló kọ́kọ́ fi han Nemesia pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ẹ mọ bí tero ṣe ń ṣe tí èèyàn bá sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀, á máa han lórí ẹni bíi pé wọ́n ń jà á lólè. Méjì ń fò yí orí Clodomiro ká, wọ́n ń han gooro, bàbá náà kò sì gbójú sókè. Nemesia ní bóyá ó ń ronú ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí bàbá jókòó síwájú iná, tó kẹ́yìn sí i, tó ń mu mate, tíì ewé àwa ará ibí, ó rọra wí pé:

"Bàbá, iná ti mú ẹ̀wù yín o."

Bàbá ń mu mate rẹ̀ lọ.

"Bàbá, Doña Ofelia ní òun fẹ́ fẹ́ yín."

Kò mira. Nígbà tó yíjú padà, ó rí omi lójú ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Èéfín ni, Bàbá."

Etí bàbá ti di. Ìyẹn gan-an ló fà á tí ó fi ń fa wáyà Doña Ofelia le jù. Ó ń ta á, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ń rò pé wáyà ò tíì le, ó sì ń fi eyín kún eyín. Nígbà tí Nemesia fúnra rẹ̀ ta á, igbe ló ké. Ó wo ọgbà náà bó ṣe nà lọ títí tó fi kọjá orí òkè, wáyà méje lórí ara wọn, ẹ̀rù sì bà á gidi gan-an. Òtútù ń bọ̀. Tí wáyà yìí bá já, tí akọ màlúù Doña Ofelia bá bọ́ sójú ọ̀nà, wọn ò ní wí pé ọgbà kan ló já. Wọ́n á ní Techera ti tán. Kò sì rí bó ṣe fẹ́ sọ fún un. Etí bàbá yìí ni oko rẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ jí ẹni tó ń sùn kó o sọ fún un pé oko rẹ̀ ti jóná?

Kò sọ ọ́. Lọ́sàn-án, tí bàbá bá jẹun tán, tó fi fìlà bojú, tó sùn sábẹ́ igi, Nemesia á mú kọ́kọ́rọ́ irin ìlọ́, á máa lọ láti ẹnu wáyà kan sí òmíràn. Á ta á, á gbọ́ ọ, á yí i padà ní eyín kan, nígbà mìíràn méjì. Ọwọ́ òsì ló ń lò nítorí òun ló yá jù, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Ó dà bíi pé ó ń jí nǹkan lápò bàbá rẹ̀. Tó bá di àárọ̀, bàbá á tún lọ fa díẹ̀ le. Tó bá di ọ̀sán, ọmọ á tún lọ dẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe lo gbogbo ìgbà ooru nìyẹn, wọ́n ń jẹ nínú àwo kan, wọ́n ń túṣẹ́ ara wọn.

Ọgbà parí, ó ku kókó ìkẹyìn. Doña Ofelia gun ẹṣin wá yẹ̀ ẹ́ wò, Wáshington Olivera náà sì bá a wá, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò tí Wáshington kì í sí. Doña fi ẹgba rẹ̀ lu wáyà òkè. Wáyà náà mì, ó dún wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, kò kọrin.

"Techera," Doña wí, "akọ màlúù ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi sé mọ́ o. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí, aṣọ ló yẹ kí n sá sí i."

"Ẹ wá gbọ́ tiwa lódìkejì ọ̀nà, Doña," Wáshington wí. "Ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹsẹ̀ yín á fẹ́ jó."

Clodomiro ń wo ẹnu wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ fìlà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Doña. Ẹ ṣeun."

"Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀? Ẹ gbà pé ó dẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹ ṣeun, Doña," bàbá tún wí.

Wáshington yí ojú sí bàbá, ó wò ó láti orí dé etí. Nemesia rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ yé e. Ó kù díẹ̀ kó la ẹnu. Nemesia bọ́ sí àárín wọn.

"Èmi ni mo dẹ̀ ẹ́."

"Kí lo wí?" Doña béèrè.

"Mo ní èmi ni. Bàbá fà á le bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá ti sùn lọ́sàn-án, èmi ni mò ń lọ yí i padà."

"Lẹ́yìn bàbá rẹ?"

"Lẹ́yìn wọn ni."

"Mo wí," Wáshington wí. "Mo ti ń wí i tipẹ́ pé ọwọ́ òsì yẹn á ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ òsì lo fi tú iṣẹ́ bàbá ẹ, Nemesia? Ojú ò tì ẹ́?"

"Ó tì mí," Nemesia wí. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí òtútù dé ná. Doña, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà yìí. Tó bá já, tàbí tí akọ màlúù kan ṣoṣo bá bọ́ jáde, ẹ lọ sọ fún gbogbo Las Chircas pé èmi ni mo ba iṣẹ́ Techera jẹ́, kì í ṣe bàbá mi. Mi ò tún ní fọwọ́ kan ẹ̀mú mọ́ láyé mi."

Doña Ofelia fi ẹgba tọ́ka sí òpó igun.

"Kókó ìkẹyìn ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó dúró de òtútù. Màá fi wáyà kékeré so ó mọ́ òpó fúngbà díẹ̀."

"Kò burú," Doña wí. "Àmọ́ iṣẹ́ tí kò ní kókó, mi ò tíì gbà á o."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Nemesia ń retí kí bàbá bínú. Ohun tí bàbá wí ni pé ẹṣin ọ̀tún ń tiro.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e kò dára fún Nemesia. Las Chircas kéré, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ yí i ká. Nílé ìtajà, wọ́n sọ ọ́ ní Adẹ̀-wáyà. Tó bá wọlé wá ra ìyẹ̀fun, ẹnì kan á ní kí wọ́n so ìlẹ̀kùn dáadáa, kí Nemesia má baà tú u. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó máa ń dá wọn lóhùn pé ẹnu wọn lòun ì bá kọ́kọ́ so, àmọ́ tó bá délé, á sunkún. Àwọn tí wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Wáshington lọ. Kò kábàámọ̀ ohun tó ṣe. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, ó máa ń wo koríko bóyá ìrì ti dì kó tó wo nǹkan mìíràn.

Lóṣù kẹfà, ó jí lọ́jọ́ kan, koríko funfun láti ẹnu ọ̀nà títí dé òkè. Omi inú garawa ti dì. Nígbà tó fi máa di ẹṣin rẹ̀ tán, bàbá ti jókòó sórí tirẹ̀, ó ti wé aṣọ òtútù mọ́ra. Kò sẹ́ni tó pè é.

Wọn ò tíì dé ọ̀nà tí Nemesia fi gbọ́ ọ. Pà! Lẹ́yìn náà, pà, pà, bí ìbọn ọdẹ. Ẹṣin ta. Etí ẹṣin rẹ̀ ni bàbá wò, ó wá yíjú sí ọmọ.

"Tiwa ni?"

Nemesia nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Wáyà Olivera ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkángun rẹ̀ ń ká bí ejò sórí koríko. Òpó igun ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkúta ìdí rẹ̀ ti yọ síta. Àwọn màlúù ti bọ́ sójú ọ̀nà, Wáshington sì ń fi aṣọ òtútù rẹ̀ lé wọn kiri láìwọ bàtà. Nemesia sáré ẹṣin lọ bá a. Ó gba iwájú àwọn màlúù náà, ó fi okùn dá aṣáájú wọn padà.

"Má wí nǹkan kan," Wáshington wí, ó ń mí hẹlẹ.

"Ta ló ń wí nǹkan? Gba apá ibẹ̀ yẹn."

Wáshington gba apá ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wọn wọlé tán, ó dúró, ó wo òdìkejì ọ̀nà. Ọgbà Doña Ofelia nà lọ sórí òkè, wáyà méjèèje gún régé, ìrì dídì ń tàn lára wọn, kò sí èyí tó já. Àwọn akọ màlúù ń jẹ koríko wọn lẹ́yìn rẹ̀. Wáshington fi ọwọ́ nu ojú, kò wí nǹkan kan. Ó yẹ ká yìn ín fún ìyẹn.

Nígbà tí Nemesia padà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Clodomiro ti sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òpó igun, ó fi eyín di wáyà òkè mú, ó di ojú. Ìka rẹ̀ ń ta wáyà náà jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìrì yọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó ń kọrin," ó wí.

"Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá?"

Ó ti yíjú sí i, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Etí ti lọ. Eyín ló ń bá mi gbọ́ ọ. Láàárín ìgbà ooru ni mo ti dán an wò. Mo fi eyín sí i láàárọ̀, ó ti dẹ̀. Mo fà á. Ó tún dẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé irin ìlọ́ ló bà jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wá ṣí ojú lábẹ́ fìlà."

"Ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ. Mo sì rí i pé bó o ṣe fi í sílẹ̀ ló dára."

"Kí wá ló dé tẹ́ ẹ tún ń fà á?"

"Tí mi ò bá fà á mọ́, o máa mọ̀ pé mo ti mọ̀." Ó gbọn irùngbọ̀n rẹ̀. "Ojú ló ń tì mí, Nemesia. Ọjọ́ tí Doña wá, mo rí ẹnu ẹ. Mo rí gbogbo ohun tó o sọ. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ojú ló tì mí."

Nemesia sún mọ́ ọn. Ó nu omi kúrò nírùngbọ̀n bàbá rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń nu ẹnu ọmọdé, bàbá náà sì jẹ́ kó nù ún.

Ohùn Doña Ofelia ló kọ́kọ́ dé, kí òun àti ẹṣin rẹ̀ tó yọ. Ó ti gbọ́ ìró wáyà tó ń já láti orí ibùsùn rẹ̀, aṣọ àwọ̀sùn sì ń yọ lábẹ́ aṣọ òtútù rẹ̀. Ó ka àwọn akọ màlúù rẹ̀, ó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà ló fi ẹgba lu wáyà òkè. Ó dún gooro, ohùn tó mọ́, títí lọ dé orí òkè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹṣin, ó sọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ kí bàbá lè rí ẹnu òun, torí ọ̀rọ̀ etí náà ti yé òun náà. "Techera, ẹ ta kókó yín. Mo gba iṣẹ́."

Clodomiro yọ ẹ̀mú láti ìgbànú rẹ̀. Ẹ̀mú tí bàbá tirẹ̀ lò ni, irin ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ sínú. Ó tú wáyà kékeré tó wà lára òpó, ó na ẹ̀mú náà sí ọmọ rẹ̀. Nemesia fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì gbá ẹnu wáyà mú láti yí i sápá ọ̀tún. Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọwọ́ wo lo fi dẹ̀ ẹ́?"

"Òsì ni, Bàbá."

"Òun náà ni kó ta á."

Kókó náà wà níbẹ̀ títí di òní, ó yí sápá òsì, o lè fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Òun ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò ní Las Chircas báyìí. Wọ́n á ní, tí o bá dé òpó igun Doña Ofelia, wo apá ibi tí kókó kọjú sí, kí o máa lọ tààrà, ilé Techera ni wàá já sí.